Àwo Alákàn

Yàrá kan náà ni Amọ̀kòkò àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé wọn sì kọjú sí òkun. Amọ̀kòkò ló kọ́ àbúrò náà bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò tí kò fi ní sán.

Àfi bí àbúrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìkarahun bọ̀ létí òkun. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara amọ̀ tútù, ó ń fi àwọ̀ búlúù ya ìgbì omi sí ẹnu abọ́. Ni àwọn oníbàárà bá ń rọ́ wá. Wọ́n á kí Amọ̀kòkò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò rẹ̀ kọjá lọ bá àbúrò.

Amọ̀kòkò á rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Ìkarahun tọ́mọdé fi ń ṣeré!” ló ń sọ sínú.

Lọ́jọ́ kan tí àbúrò lọ ra amọ̀, òun náà yọ́ lọ sí etí òkun, ó ń wọ̀tún wòsì bí olè. Alákàn kan ń fẹ̀gbẹ́ rìn lórí yanrìn. Amọ̀kòkò tẹjú mọ́ ọn títí alákàn náà fi wọ ihò. Nígbà tó délé, ó mọ àwo pẹrẹsẹ kan, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ alákàn yí i ká, ó fún un lójú méjì tó yọ síta. Nígbà tó gbẹ, ó kì í sáàárín ìkòkò tirẹ̀, ó sun ún.

Àwo náà ò tíì pẹ́ lórí pẹpẹ tí olùkọ́ obìnrin kan fi gbé e.

“Háà! Ọwọ́ àbúrò yín yìí mà dáa o! Alákàn yìí fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́!”

Amọ̀kòkò yíjú sí pẹpẹ, ó ń tún ìkòkò tò. Àbúrò rẹ̀ ló gbójú sókè nídìí iṣẹ́. “Kì í ṣèmi o, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ò lè mọ irú ẹ̀.”

Olùkọ́ yin Amọ̀kòkò, ó ra àwo, ó ní kó tún mọ òmíì sí i. Ó yẹ kínú Amọ̀kòkò dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe rọrùn fún àbúrò rẹ̀ tó láti gbé iyì fún ẹlòmíì, ìyẹn gan-an ló ń ta á lára. Ká ní òun ni, òun ì bá dákẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ sétí òkun, ẹ ò pè mí?”

“Ṣé mo ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ ni?”

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín; ó rò pé àwàdà ni.

Ní báyìí, wọ́n jọ ń lọ sétí òkun ni. Àwo Amọ̀kòkò náà ń tà. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá wọlé, Amọ̀kòkò kì í wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ oníbàárà náà ló máa ń ṣọ́, kó lè mọ̀ bóyá abọ́ òun ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, tàbí ti àbúrò òun.