Omi Àlejò

Ẹ̀sùn mi kì í ṣe pé ìjọba kò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa lápá òkè abúlé. Ẹ̀sùn mi ni ìṣirò tí wọ́n fi sọ pé a kò nílò rẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Àwọn tí ìjọba rán wá wádìí ọ̀rọ̀ omi ní abúlé wa, lẹ́yìn ìlú Odo-Ape, kò kúrò létí títì ọlọ́dà, níbi tí àwọn tó ní kànga tiwọn ń gbé. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n yà lókè, ilé ìyá mi. N kò ní kí wọ́n bi gbogbo ilé. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà lápò, ẹ̀kúnwọ́ ló ń wò, ṣùgbọ́n a máa ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì.

“Màdámù, ìpíndọ́gba ìrìn yín sí omi kò pọ̀.”

“Sà, ẹni tí kànga wà lọ́gbà rẹ̀ kò rìn rárá. Ẹ pa tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìyá mi, ẹ wá pín in. Ṣé ọ̀nà odò wá kúrú nìyẹn? Ẹ to ilé wa láti èyí tó sún mọ́ omi jù dé èyí tó jìnnà jù, kí ẹ wo èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Odò ni wọ́n ń lọ níbẹ̀.”

Ó ṣí fáìlì. “Ìyá yín fúnra wọn ní omi wà.”

Ibẹ̀ ló ti rẹ̀ mí. Lọ́dọ̀ wa, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, kó tó sọ ohun tó bá wá, a kì í sì í jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan wọ́n nílé. Omi tí ìyá mi fi eékún tó ń dùn ún pọn ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá mu tán tó fi béèrè bóyá omi wà. Kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá mi wí?

Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá náà, wọ́n sì gbà láti rán ẹlòmíràn wá. Mo bẹ ìyá mi pé kó má tíì gbé omi jáde.

“Kí ọ̀fun àlejò gbẹ nílé mi?”

“Màámi, ìwé ló ń bọ̀ wá kọ.”

“Ọ̀fun akọ̀wé kì í gbẹ ni? Ìwà ahun ni wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán dé, ó kí ìyá mi bí a ti ń kíni lọ́dọ̀ wa. “Okun o, màmá.”

“Okun, ọmọ mi. Jókòó.” Ó ti bu omi.

“Màmá, ṣé omi wà?”

“A dúpẹ́. Omi wà.”

Mo ní, “Odò ló ti pọn ọ́n. Kọ ìyẹn náà.”

“Àǹtí, onílé ni wọ́n ní kí n bi.” Ó kọ ‘Omi wà’ sílẹ̀. Ó mu omi inú ife tán, ó ní omi náà tutù.

Omi yẹn ló kẹ́yìn nínú ìkòkò. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo kọjú sọ́nà odò. Ìyá mi ké tẹ̀lé mi pé kí n tètè dé, kí omi má lọ wọ́n nílé bí àlejò mìíràn bá yà.