Kí Omi Má Wọ Yàrá Màámi

Ẹni tó bá ti gbé ìsàlẹ̀ ilé rí ní Múṣin kò ní bi mí ìdí tí mo fi ń bá gọ́tà jà. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, inú àwọn tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á máa dùn pé ooru ti lọ. Èmi kẹ̀? Àyà mi ló máa ń já.

Lọ́dún tó kọjá, omi wọ yàrá màámi. Ẹsẹ̀ kan ò gbé wọn dáadáa mọ́ látìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti bá wọn jà, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń pè mí, omi dúdú yí wọn ká. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, "Tí omi bá tún lè wọlé tọ màámi, mò ń bọ̀ wá gbé wọn. Mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́."

Gbé wọn lọ síbo? Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ohùn màámi nìkan ló ń dá mi lóhùn nínú ilé yẹn. Mo búra nínú ara mi pé omi ò ní wọlé lọ́dún yìí, kò báà jẹ́ eyín ni màá fi kó gọ́tà.

Ẹ wo bí àwa ará àdúgbò yìí ṣe ń kó gọ́tà. A óò fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ jáde, a óò kó o jọ sétí gọ́tà níbẹ̀, a óò ní ẹ jẹ́ ó gbẹ ná, kó má baà wúwo jù fún ọlọ́mọlanke. A óò máa fò ó kọjá. Kó tó gbẹ, òjò á ti dé, á gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà. Ọdọọdún! A óò wá káwọ́ lérí, a óò máa bú ìjọba.

Mo ní ti ọdún yìí á yàtọ̀. Mo wá àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, mo ń wa ẹrẹ̀, mo ń dà á sínú àpò ní tútù, ó ń kán sí mi lára, kí ọlọ́mọlanke lè gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Òórùn ẹ̀ ò kéré. Àwọn tó ń kọjá ń dímú, wọ́n ń ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì ń sáré lọ. Màámi ń wò mí láti ojú wíńdò.

"Ọmọ yìí, o ò ní pa ara ẹ."

"Ẹ̀yin ni mo ń ṣe é fún, màámi."

Wọ́n yíjú sínú yàrá.

Ibi tí mo ti fẹ́ ya wèrè ni iwájú ilé kejì. Baba onílé ibẹ̀, tó ń ta páàtì mọ́tò lọ́jà Ládìpọ̀, ti da kọnkéré bo gọ́tà pátápátá kí mọ́tò ẹ̀ lè ríbi dúró sí. Abẹ́ ẹ̀ lomi tiwa ń gbà kọjá. Mo lọ kanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lu ihò sí kọnkéré yìí."

"Àǹtí, ẹ lu kí ni? Ṣé ẹ mọ wàhálà tí mo fi dà á?"

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà mọ ibi tí omi máa yà sí tí abẹ́ ẹ̀ bá dí? Tó bá kúrò nílé tèmi, ilé tiyín ló kàn. Omi ò mọ onímọ́tò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu èmi obìnrin yìí mú ju dígà lọ. Nígbà tó di Sátidé, mo gbọ́ gbàù gbàù níta. Òun fúnra ẹ̀ ló bọ́ ẹ̀wù tó ń lu kọnkéré. A jọ ki igi gígùn bọ inú ihò, a jọ fa ẹrẹ̀ jáde, èmi àti ẹni tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Nígbà tí a da omi sí gọ́tà níwájú ilé mi, ó ṣàn wọ̀ọ̀ títí ó fi jáde lódìkejì ilé ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Òjò ńlá wá dé. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ di ọ̀sán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo gọ́tà. Ó kún dẹ́nu, ó ń hó, ó ń gbé ike àti ọ̀rá lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Nígbà tó dá, mo wọ yàrá màámi, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn káàkiri. Ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Fóònù màámi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ti gbọ́ pé òjò rọ̀ l'Ékòó. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúró kí wọ́n fún un lésì.

Màámi wo ilẹ̀. Wọ́n wo èmi náà. Wọ́n wá rọra sọ sínú fóònù pé, "Ó wọlé o, ọmọ mi. Wá gbé mi."

Ó dùn mí wọ egungun. "Màámi, omi wo ló wọlé?"

Wọ́n fi fóònù sórí itan, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má bínú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ẹ, bó o ṣe ń wa ẹrẹ̀ nítorí mi yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo nínú fóònù pé ṣé òótọ́ ni, ṣé ó pọ̀. Mo gbé fóònù.

"Ó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ tètè máa bọ̀."