Eré Ogun Tí Wọ́n Fi Ọkọ Mi Ṣe

Ìdí odi Abẹ́òkúta ni ọkọ mi kú sí, lọ́jọ́ tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun dé. Àwa obìnrin là ń gbé omi àti oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń jà. Èmi gan-an ni mo gbé igbá omi lé e lọ́wọ́. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó tẹrí ba láti mu, ni ọta bá bà á lọ́rùn. Kò sọ ohunkóhun. Omi àti ẹ̀jẹ̀ jọ dà sí mi láṣọ ni.

Nígbà tí ọdún yípo, àdúgbò wa fi ogun náà ṣeré ní ìta gbangba, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè rí i. Àbúrò ọkọ mi ló kó eré náà jọ. Wọ́n fi igi gbẹ́ ìbọn, wọ́n fi osùn ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó kan ọkọ mi, ẹni tó ń ṣe é fò látorí odi, ó bọ́ sáàárín ọ̀tá, ó ń ṣá wọn balẹ̀, ó sì ké orúkọ Ẹ̀gbá kó tó ṣubú. Ariwo sọ. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n ń jó, omijé ń dà lójú wọn. Láti ọjọ́ tí ọmọ wọn ti kú, n kò rí i kí wọ́n jó rí.

Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ bá àbúrò ọkọ mi.

“Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé omi ló ń mu.”

“Ìyàwó wa, mo mọ̀. Ìbọn, aṣọ, orin tí a kọ lọ́jọ́ náà, n kò yí ọ̀kankan padà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo ẹni tó kú níbi tó ti ń mumi? Ìwọ wo ìyá wa. Ṣé kí n gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn?”

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe eré náà.

Ojú eré yẹn ni ọmọ mi ọkùnrin dàgbà sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè dé, ó ti di géńdé, ó ní òun ń lọ. Mo pè é sẹ́yìnkùlé, mo sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú fún un. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

“Ìyá mi, ẹ̀rù ló ń bà yín lẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀ kékeré. Ìyẹn fà á jókòó.

“Òótọ́ ni ìyá rẹ sọ.”

Ọmọ mi sunkún. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀ nù.

“Bí bàbá mi ò bá ṣe é, èmi á ṣe é.”

Mo ti rò pé òótọ́ á dá a dúró. Òótọ́ náà ló tì í lọ.

Ó pẹ́ kó tó padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ. Àwọn aládùúgbò yí i ká, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Ó ní ebi lòun rí. Wọ́n ń retí kó sọ sí i, ó tiro wọlé. Ní báyìí, bí ewúrẹ́ bá kàn gbá ìkòkò lẹ́yìnkùlé, á ta gìrì dìde, á máa wá ìbọn. N kì í bi í ní nǹkan kan.