Kànga Ẹ̀rọ Tí Mo Gbẹ́ sí Ilé Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn tiwa kì í ṣe eré rárá. Odò á gbẹ, a ó máa fọwọ́ wa yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi díẹ̀ lè sun. Tí ìyẹn náà bá tán, kànga kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbà kan ló ń ṣọ́ ọ. Tó bá ti di ọ̀sán, á gbé pákó bo ẹnu kànga náà, á ní ká jẹ́ kí omi sun. Orí korobá la ó jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́, òùngbẹ á máa gbẹ wá. Ah, mo bú màmá yẹn sínú! Ṣùgbọ́n tó bá ṣí i, omi á ti wà níbẹ̀: korobá méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta fún ilé tí aláboyún bá wà. Ó ń tó wa.

Ìgbà tí mo dé Maryland lókè òkun, tí mo ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Laurel, mo ní ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sórí korobá mọ́ nílé bàbá mi. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, kó jìn dáadáa, kí ẹnu ẹ̀rọ kọjú síta fún ará àdúgbò. Kò jìnnà sí kànga àtijọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí mi wú. Kò pẹ́, ará iwájú ilé wa tọ́mọ rẹ̀ wà ní Kánádà gbẹ́ tiẹ̀, ó jìn ju tiwa lọ. Àwọn mìíràn náà gbẹ́. Gbogbo wọn ń fa omi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà ní kíṣìnnì mi ní Kettering, ní Maryland níbí, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin pè mí. Ó ní kànga àdúgbò ti gbẹ láti ọdún méjì, wọn ò sọ fún mi kí n má baà banú jẹ́. Tiwa náà ti wá ń pọ yanrìn báyìí. "Àǹtí mi, ṣé kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i ni?"

Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí gan-an. Láyé ìjọ́un, gbogbo wa la jọ ń retí omi kan náà. Lónìí, kálukú ló ní ẹ̀rọ, omi ni kò sí. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ débẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tù mí nínú. Mo ní rárá, kí wọ́n pa ẹ̀rọ tiwa kí omi lè sun, kí wọ́n sì bẹ àwọn tó kù kí wọ́n pa tiwọn.

Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣeun, mà. Kí la ó wá máa mu títí òjò á fi rọ̀?"