Búláòsì Tí Bọ́tìnnì Rẹ̀ Wà Lápá Òsì

Kẹrosíìnì la fi ń nu ẹ̀rọ ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ring Road. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó rẹ àkísà sínú garawa, a ó nu tàdáwà kúrò lára irin, a ó sì fi èyí tó kù nu ọwọ́ wa dé ìgbọ̀nwọ́. Ọṣẹ kì í mú òórùn yẹn lọ. Ó máa ń bá mi wọ ọkọ̀ dé Agbowó, ó máa ń bá mi jẹun, ó sì máa ń bá mi sùn. Ìyàwó mi kò ráhùn nípa rẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé bí òun bá ti gbọ́ òórùn kẹrosíìnì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, òun mọ̀ pé ọkọ òun dé, kí òun gbé ọbẹ̀ kaná.

Lọ́fínńdà ni èmi fi ń mọ òun. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà, ọmọ Èkìtì ni, ó sì kàwé jù mí lọ, nítorí mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé ìwé. Ọdún tó bí ọmọbìnrin wa, mo lọ sí ilé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀ láti ra ẹ̀bùn fún un. Mi ò ra aṣọ obìnrin rí. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà pé kó fún mi ní búláòsì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kẹ̀? Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

Mo ní ọgbọ̀n ni ṣòkòtò tèmi, ìyàwó mi sì sanra jù mí lọ, ni mo fi fi mẹ́rin lé e. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ nídìí káńtà. "Wá gbọ́ o. Ṣòkòtò ni bọ̀dá yìí fi ń wọn ìyàwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó ṣàlàyé fún mi. Ó ní íǹṣì ni nọ́ńbà aṣọ ọkùnrin, èèyàn lè fi tèèpù wọ̀n ọ́n kó bá a bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin yàtọ̀: ó ń lọ láti mẹ́wàá sí méjìlá, sí mẹ́rìnlá, sí mẹ́rìndínlógún. Mo bi í pé kí ni mẹ́rìndínlógún yẹn ń wọ̀n. "Kò wọn nǹkan kan, sà. Nọ́ńbà lásán ni." Ó mú mẹ́rìndínlógún kan sílẹ̀ fún mi, aṣọ funfun tó ní ewé wẹ́wẹ́ lọ́rùn. Nídìí lọ́fínńdà, ó fọ́n ti ọkùnrin sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi òsì, ó fọ́n ti obìnrin sí ọ̀tún. Ti òsì ń ta sánsán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ti ọ̀tún dà bí òdòdó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nínú ilé tó móoru. Mo ra ti ọ̀tún. Nínú ọkọ̀ mo ń gbọ́ òórùn ọwọ́ kan, mo tún ń gbọ́ òórùn èkejì, mo ń ronú pé ta ló kọ́kọ́ pín òórùn sí akọ àti abo.

Ọmọ náà ń lọ sí ọdún mẹ́ta nígbà tí àìsàn kan tí kò pẹ́ pa ìyá rẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ló tẹ́ ẹ. Wọ́n wọ sùtánà fún un, wọ́n sì fọ́n lọ́fínńdà ìjọ sí i láti orí dé ẹsẹ̀, òórùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí mo tẹríba wò ó kẹ́yìn, mi ò gbọ́ òórùn ìyàwó mi. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ìyẹn fún.

Láti ọjọ́ náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, ẹkún ni. Ọmọ ò jẹun, kò gba ìpẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó lọ síbi ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fa búláòsì ìyá rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé e wá bá mi. "Wọ Màmá," ló wí.

Mo wọ̀ ọ́. Ó há mi léjìká, ó sì tú sílẹ̀ níwájú bí àpò tí wọ́n ti kó nǹkan inú rẹ̀ lọ. Apá òsì ni bọ́tìnnì aṣọ obìnrin máa ń wà, ti ọkùnrin wà lọ́tùn-ún. Lójoojúmọ́ ni mò ń to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé, ní òdì, láìwò ó, ṣùgbọ́n ìka mi ò mọ ọ̀nà lórí àyà ara mi. Ọmọ náà dúró dè mí. Nígbà tí mo dé èyí tó kẹ́yìn, ó gun orí àyà mi, ó ti imú bọ kọ́là aṣọ náà, ó sì sùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nírọ̀lẹ́, ẹ̀kán lọ́fínńdà kan ní kọ́là, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì.

Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá kì í bo àṣírí. Káfíńtà tó kọjú sí wa rí mi láti ẹnu kọ́tìnnì. "Ọ̀gá onítẹ̀wé, ẹ kú ìmúra o. Ọjọ́ wo lẹ ń relé ọkọ?"

"Ẹ fi bàbá ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú yàrá wọn. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo fa kọ́tìnnì. Nígbà tí ìgò lọ́fínńdà ń gbẹ, mo padà sí Dùgbẹ̀. Ọjà òkèèrè ti wọ́n gógó nígbà náà, ti obìnrin yẹn ò wọlé mọ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà fún mi ní ti ọkùnrin. "Ẹ mú un lọ, sà, òórùn ni gbogbo rẹ̀." Nígbà tí mo dán an wò, ọmọ mi gbójú kúrò. "Kì í ṣe Màmá."

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá ìyàwó mi dé láti Èkìtì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀ tó kú, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ọmọ wa yóò máa gbé. Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe ń dìde, ó dì mí mú ní èjìká.

"Ta ni obìnrin náà?"

"Màmá, kò sí obìnrin kankan."

"Lọ́fínńdà obìnrin ń bẹ lọ́rùn rẹ. Ọmọ mi ò tíì jẹrà nínú ilẹ̀."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó kó aṣọ láìwo ojú mi, ó di wọ́n sínú àpò, ó sì mú búláòsì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó ti àpò náà, ó ń fa okùn rẹ̀, ó ń ké. Ìyá àgbà gbé e pọ̀n, ó kọrin fún un, ó fún un ní bisikí. Kò gbọ́. Mo tú àpò, mo mú búláòsì jáde, mo kọ ẹ̀yìn sí ìyá ìyàwó mi, mo wọ̀ ọ́. Ọmọ dákẹ́ kí n tó dé bọ́tìnnì kẹta. Ìyá náà wò wá, ó jáde lọ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tó wọlé, etí ìró tó fi nujú tutù.

Mo rò pé ohun tó rí yẹn ni yóò fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi. Ní òwúrọ̀ ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, má bínú. Ṣùgbọ́n màá mú un lọ."

"Ẹ rí i pé mò ń gbìyànjú, Màmá."

"Mo rí i. Ohun tí mo rí ni mo ṣe ń mú un lọ. Bí o bá ń wọ ìyá rẹ̀ fún un báyìí, ọmọ ò ní mọ̀ pé ìyá òun kú. Ìwọ náà ò ní mọ̀."

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ta kò ó. Títí di òní mi ò tíì rí i. Mo da ìyókù lọ́fínńdà sára búláòsì náà, mo ká a sínú ọ̀rá, mo gbé e lé ẹrù ọmọ. Ìyá àgbà gbé e símú. "Aṣọ yìí ń rùn kẹrosíìnì."

"Ẹ má tíì fọ̀ ọ́, Màmá," ni mo wí.

Èkìtì ló dàgbà sí. Ó máa ń wá lọ́lidé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Mi ò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nísinsìnyí ó ti ju ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ wà nígbà tó kú lọ, òun náà sì ti bímọ. Nígbà tó wá kí mi láìpẹ́ yìí, ó ní òun rántí ìyá òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ń sọ pé òun kéré jù.

"Kí lo rántí?"

"Òórùn wọn, Bàbá. Lọ́fínńdà àti kẹrosíìnì. Wọ́n á gbé mi lé àyà, màá máa gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Sítóòfù ni wọ́n fi ń dáná, àbí?"

Ẹ̀rù sítóòfù máa ń ba ìyàwó mi. Èédú ló fi dáná títí ó fi kú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Kò rántí pé bàbá òun gbé òun sùn rí. Ibi tó yẹ kí n wà nínú ìrántí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, mi ò sì lè ní kó dìde. Ohun tí mo lè fún òkú nìyẹn, mo sì ti fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní ilé ìtẹ̀wé, ọwọ́ mi ò rùn mọ́. Nígbà tí ọmọ mi ń lọ, ó dì mọ́ mi, mo sì gbọ́ bó ṣe rọra fimú fa èémí lọ́rùn mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò rí i.