Nígbà Tí Ìrọ̀lẹ́ Di Àárọ̀ Lójú Mi

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ díẹ̀ la fi ń ra kókò, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, àti àkàrà tí èèyàn á jẹ yó, tí á tún bù fún ọ̀rẹ́. Lónìí, ní Ọjà Tuntun, ẹgbẹ̀rún náírà kò fi bẹ́ẹ̀ tó ẹni méjì mọ́. Nígbà náà, àwa mẹ́rin la jọ máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà: Jímọ̀, Sùlé, èmi, àti Délé ará Ọ̀mù-Àrán. Onígbàgbọ́ ni Délé, kì í kírun, ṣùgbọ́n ó máa ń jí ṣáájú wa nítorí kókò.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kókò yẹn ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo jí, tí mo rí ojú ọ̀run tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ládàánì ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà nítòsí ilé wa ní Basin, níbi tí mo ti ń ṣe lèmọ́mù. Mo ṣe àlùwàlá, mo bọ́ síwájú, mo kí rákà méjì, mo sì ṣe sàlámà láti parí ìrun.

"Sùbúhánallàhì!" ni wọ́n ń wí lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Ẹnì kan wá rọra sọ pé, "Bàbá, màgàríbì la wà yìí. Rákà kan ló kù."

Mo wo ìta. Ilẹ̀ kò mọ́ o, ó ń ṣú ni. Láti ọ̀sán ni mo ti sùn. N kò tilẹ̀ fura pé ládàánì kò sọ pé ìrun sàn ju oorun lọ, gbólóhùn tó jẹ́ ti àsùbáà nìkan. A dìde, a kí èyí tó kù.

Ó ti pẹ́ tí ara mi ti ń sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Lọ́sàn-án, orí mi á wúwo bí ẹni ru iyanrìn. Lóru, ojú mi á dá wáí. Ebi kì í pa mí lásìkò oúnjẹ. Mo pè é ní ọjọ́ ogbó.

Àwọn ará mọ́sáláṣí ní kí n sinmi ná. Mọ̀ríámọ̀ ọmọ mi sáré wá láti Àbújá, mo sì gbọ́ tí ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé, "Iyè Bàbá ti ń rá. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò máa gbé." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Ilé yìí ni èmi àti ìyá rẹ̀ jọ kọ́.

Ní ọsibítù tí Mọ̀ríámọ̀ mú mi lọ, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oorun fi gbé mi lọ sí èjìká obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ máa sùn, Bàbá. N ò ní gbowó ilé lọ́wọ́ yín."

Dókítà bi mí ní ọdún tí a wà, ó ní kí n ka iye padà sẹ́yìn, ó yẹ ojú mi wò. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, níbo lẹ ti máa ń rí oòrùn?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti máa ń mu kókò láràárọ̀. Láti ìgbà tó ti kú, n kò jókòó síbẹ̀ mọ́, n kò sì ṣí kọ́tìnnì ilé mọ́.

Dókítà ní iyè mi pé, aago inú mi ló ṣìnà. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ àsìkò. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà kékeré kan láàárín ọpọlọ kí ó tú omi oorun sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀, inú àti ọkàn náà ní aago tiwọn, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó yé mi: lèmọ́mù ni, àwọn yòókù tò ní sàfù lẹ́yìn rẹ̀. Tèmi ń fi ìfọ́jú kírun ni, nítorí ohun funfun kan ti bo ẹyinjú mi, kọ́tìnnì sì dí ìmọ́lẹ̀ tó kù.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ta mí bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ mí lójú. Oògùn tó le jù ni pé kí n máa jókòó síta láràárọ̀. Àga méjì ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ẹkún ni mo fi wo oòrùn.

Láti Ọ̀mù-Àrán ni Délé ti ń fi fóònù lé mi jáde: "Lèmọ́mù ìrọ̀lẹ́! Ṣé oòrùn lò ń wò àbí ògiri?"

"Ìwọ onígbàgbọ́ kókò, fi mí sílẹ̀ jàre!"

Díẹ̀díẹ̀, oorun padà sí ipò rẹ̀. Kò pé tán. Àwọn ọjọ́ kan ṣì ń tàsé. Ẹ̀yin tí àgbàlagbà yín ń sùn lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ sì ṣí kọ́tìnnì, kí ẹ tó sọ pé iyè rẹ̀ ń rá.

Mọ̀ríámọ̀ ti padà sí Àbújá láìmú mi lọ. Lánàá, àwọn ará mọ́sáláṣí ní kí n bọ́ síwájú ní àsùbáà. Ìrun sàn ju oorun lọ, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo kí rákà méjì, mo ṣe sàlámà. Ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan lẹ́yìn mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ kókò mi, mo dúpẹ́ fún ara tó ṣì ń gbọ́ ìpè.

Jímọ̀ ti lọ. Sùlé ti lọ. Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Délé wà. Èmi náà wà.