Mọ́tò Tí Ọdẹkúnlé Yàn fún Ajọ̀ Àṣìkẹ́

Ọdẹkúnlé, bàbá Ọdúnayọ̀, tó ń tún fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Ayétòrò kì í ṣe ọ̀lẹ, ọ̀rọ̀ ni kì í sọ. Ó lè bá mọ́tò inú ẹ̀rọ tó jóná sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀, àmọ́ bó bá délé, á jẹun, á sùn. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún Àṣìkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kọ̀ tí kò ṣeé gbé sókè mọ́, àyà Ọdẹkúnlé já gidi, síbẹ̀ kò mọ ohun tí òun á wí.

Àṣìkẹ́ ń yan gààrí pẹ̀lú àwọn obìnrin kan lójú ọ̀nà Imasayi. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ni ààrò ló gbọ́dọ̀ jọ̀ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Wọn kì í báni jọ̀ ọ́, torí orúkọ ẹni tó jọ̀ ọ́ làwọn oníbàárà fi ń ra gààrí. Ẹni tí kò bá lè jọ̀ ọ́ mọ́, ààrò rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Màmá Toyibat, olórí wọn, ti ní kí Àṣìkẹ́ wá jọ̀ tirẹ̀ lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ọdẹkúnlé ní òun á ṣe ajọ̀ tí yóò máa mi ara rẹ̀. Ó jókòó ti Àṣìkẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ mú mọ́tò wáípà ọkọ̀, ó so irin mọ́ ọn kó máa ti ajọ̀ síwá sẹ́yìn. Ó lágbára, àmọ́ ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó mú ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìyẹn yára, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe nǹkan, ó da gbogbo ohun tó wà lójú ajọ̀ sílẹ̀. Ló bá rántí mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, béèyàn bá fẹ́, á sáré, béèyàn bá fẹ́, á rọra. Ó bu gààrí inú ike sí i, Àṣìkẹ́ tẹ̀ ẹ́, gààrí ń rọ̀ bí òjò. Inú Ọdẹkúnlé dùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀, gààrí gbígbẹ tí wọ́n ti yan nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n ń jọ̀. Ọkùnrin kì í jọ̀ ẹ̀gẹ́ nílé wọn, ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ ni wọ́n bù sójú ajọ̀, ó tutù, ó wúwo, ó dì mọ́ra. Àṣìkẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò kùn, ajọ̀ ò mì. Ó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, èéfín sì yọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dun Ọdẹkúnlé jù.

Màmá Toyibat mí kanlẹ̀, ó ní kí Roheemat tó ti ń retí ààyè tipẹ́ gba ààrò náà. Ọdẹkúnlé sáré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ mọ́tò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n ti yíjú sí iṣẹ́ wọn.

Àṣìkẹ́ fi ọwọ́ òsì mú igbá tó fi ń ro gààrí. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ dójú ọ̀nà ilé, ó dúró.

"Bàbá Ọdúnayọ̀, mo mọ̀ pé kò ní lè gbé ẹ̀gẹ́ tútù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bu gààrí sí i ni mo ti mọ̀."

Ọdẹkúnlé béèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti jókòó tì mí báyẹn kẹ́yìn," ló wí. "Mi ò fẹ́ kó tètè tán."